Orin Aṣa Nínú Ilé Abiyamọ

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi, mo sì ti fi orin sí i kí iṣẹ́ náà lè fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún méje, jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa ìbọ̀sẹ̀ ní méjì-méjì. Bí olórin náà ti dé ibi tí ó ti ń ké pé iná wà lórí òkè, kíá ni ọmọ náà gbé orí sókè, nítorí pé ó mọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹní mowó. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Eré tí gbogbo wa ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni: àwọn ọmọ a máa sáré yípo nínú agbo, wọn a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin iná orí òkè, bí orin bá sì dákẹ́ lójijì, kí olúkúlùkù yára wá ẹnì kejì dì mú. Ẹni tí kò bá rí ẹni dì mú ti bọ́ sí ẹ̀yìn agbo nìyẹn. Nínú eré náà, sísá ni gbogbo ọmọ ń sá. Nínú orin tí à ń gbọ́ yìí, iná ń jó, kò sì sí ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀. Ọmọ mi fetí sí i títí, ó wá bi mí léèrè pé, “Màmi, kí ló dé tí wọn ò sá?”

Mo gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa ìtọ́jú ilé àti ọmọ títọ́, tí mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ìbéèrè ọmọdé tí ìyá gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, n kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè náà ni ó sún mi láti bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwo orin yìí lóṣù yìí, dípò ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ọwọ́ tí mo ti ṣe ìlérí rẹ̀ fún yín. Ẹ forí jì mí. Oúnjẹ náà kò ní tutù.

Orúkọ olórin náà ni Bùkọ́lá Ẹlẹ́mìdé, ṣùgbọ́n Aṣa ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, èyíinì ni ẹyẹ àṣá tí ń fò lókè réré tí ojú rẹ̀ sì ń rí ohun tí ó wà nílẹ̀. Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni a bí i sí ní ọdún 1982, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé, Èkó ni ó sì dàgbà sí. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó padà sí Paris láti lọ fi orin ṣe iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Naïve ti gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, orúkọ ara rẹ̀ náà ni ó sì fi pè é: Aṣa. Ní ọdún 2008, ó gba ẹ̀bùn Prix Constantin, tí àwọn ará ilẹ̀ Faransé ń fún olórin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà náà. Ó ti ṣe àwo mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, Beautiful Imperfection ní ọdún 2010, Bed of Stone ní 2014, Lucid ní 2019 àti V ní 2022, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yìí ni mo máa ń padà sí.

Ọmọ yunifásítì ni mí nígbà tí orin inú àwo náà gba ìgboro kan. Nínú ọkọ̀ akérò, ní ibùgbé wa, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, “Jailer” ni à ń gbọ́. Gbogbo wa ni a gbà pé ìjọba ni ọmọbìnrin onígíláàsì ojú yìí ń bá wí. À ń mi orí, à ń jó, à ń tọ́ka sí àwọn olóṣèlú. Ọdún ti gorí ọdún láti ìgbà náà. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ mẹ́ta, mo sì ti wá rí i pé etí ọmọge ni mo fi gbọ́ orin náà. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nísinsìnyí, tí ìkòkò wà lórí iná tí ọmọ sì ń sunkún lẹ́yìn mi, ilé gan-an ni ó ń bá wí, ilé tèmi àti ilé tiyín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde wá. Bàbá rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán sinimá, ó sì fẹ́ràn àwo orin púpọ̀. Nínú àkójọ bàbá yìí ni ọmọ náà ti gbọ́ Marvin Gaye àti Aretha Franklin láti Amẹ́ríkà, àti Bob Marley láti Jàmáíkà; níbẹ̀ kan náà ni ó ti gbọ́ Fẹlá, Sunny Adé àti Ebenezer Obey tí wọ́n jẹ́ tiwa. Nínú ọmọ mẹ́rin, òun nìkan ni obìnrin. Bí àwọn òbí wọn kò bá sí nílé, òun ni ó máa ń mójú tó ilé, nídìí iṣẹ́ ilé yẹn ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Bí ọmọ bá ń gbálẹ̀ tí àwo sì ń yí nínú pálọ̀, etí rẹ̀ kò sinmi. Ó ń gba ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára pátákó.

Ǹjẹ́ kí ni ó ń dún nínú ilé tiyín láti òwúrọ̀ títí di alẹ́? Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ kí ẹ ju rédíò sórí ààtàn. Èmi kò lòdì sí ijó, mo sì mọ̀ pé ìyàwó ilé tí ó ti jí láti agogo márùn-ún nílò orin bí ó ti nílò omi. Ṣùgbọ́n mo wà níbi ìkómọ kan ní ọjọ́sí, tí ọmọ ọdún mẹ́rin kan bọ́ sójú agbo, tí ó ń jù dí bí obìnrin ilé ọtí, tí ó sì ń pe àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ má tíì mọ̀. Àwọn àgbàlagbà ń ná owó mọ́ ọn níwájú orí, ẹ̀rín ni a sì ń rín. Mo ní “a”, nítorí pé èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ilé ni mo tó bi ara mi pé kí ni mo ń rín.

Nǹkan kan tún wà nínú ìtàn ọmọ yìí tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ó nípọn, kò rí bí ohùn tí a máa ń retí lẹ́nu ọmọge. Nítorí ìdí èyí, àwọn ẹgbẹ́ akọrin kan kò fẹ́ ẹ láàrin wọn nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ó forí tì í, ó lọ kọ́ gìtá ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Peter King ní apá Àgbádárìgì. Ohùn tí wọ́n kọ̀ náà gan-an ni àwọn ènìyàn ń sanwó láti gbọ́ ní Paris àti ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lónìí. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ìyá tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a bá òun sọ fún ọmọ òun kí ó yé ṣe bí ọkùnrin, kí ó yé sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè dáhùn.

Bí ẹ bá bi mí pé irú orin wo ni èyí, n kò ní lè fi orúkọ kan ṣoṣo dá yín lóhùn. Sóòlù ni ohùn rẹ̀, orin àtọkànwá tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà mú jáde láti inú orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìlù rẹ̀ a máa yí sí rẹ́gẹ̀ nígbà mìíràn, a sì tún máa ta sí jáàsì. Gìtá tí kò lo iná mànàmáná ni ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tí ń pa ìtàn fún ọmọ lẹ́bàá ààrò. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Àwọn àgbà wa a máa pe irú nǹkan báyìí ní àmúlùmálà, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn. Èmi yóò pè é ní àdàlú. Ẹni tí ó mọ àdàlú sè mọ̀ pé ẹ̀wà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọ́ yángá, àgbàdo kò sì gbọdọ̀ le bí òkúta. Olúkúlùkù ni yóò jẹ́ ara rẹ̀ nínú abọ́ kan náà, epo àti ata ni yóò sì so wọ́n pọ̀. Ní ti ìmọ̀ oúnjẹ pàápàá, ohun tí kò tó nínú èròjà amúaradàgbà ti àgbàdo ni ẹ̀wà ń dí, ohun tí kò sì tó nínú ti ẹ̀wà ni àgbàdo ń dí fún un. (Ẹ ò rí i pé mo kúkú bá yín sọ̀rọ̀ oúnjẹ.)

Cobhams Asuquo ni ó bá a se àdàlú náà. Afọ́jú ni ọkùnrin yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ọ̀gá sì ni nídìí dùùrù. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò kó ohun èlò jọ pelemọ lórí ara wọn. Ààyè wà láàrin gìtá àti ìlù, ọ̀rọ̀ sì ń gba inú ààyè náà kọjá dé etí ẹni. Orin tí ìró rẹ̀ bá pọ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ijó nìkan ni a lè fi í jó. Èyí tí mò ń sọ yìí, ẹ lè máa fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ sì máa bá olórin náà ronú.

“Jailer” ni ó ṣí àwo náà. Ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń bá wọ́dà rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń fi yé e pé ẹ̀wọ̀n tí ó fi de òun ti de òun àti wọ́dà pọ̀. Ó tilẹ̀ gbé òwe wa wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, èyí tí ó ní ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo ti sọ fún yín pé ìjọba ni a rò pé ó ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ọmọbìnrin kan wà tí ó ń bá mi ṣe iṣẹ́ ilé. Ó ti lé ní ogún ọdún, owó oṣù ni mo sì ń san fún un. Kò jí nǹkan mi rí. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́, mo wá fi àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, mo sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìró. Mo ń ka ẹja inú ọbẹ̀. Mo ń fi bírò sàmì sí ara ike òróró kí n lè mọ ibi tí ó dé. Bí mo bá wà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ wọn ní ìṣètò ilé, ọkàn mi wà nídìí kọ́kọ́rọ́ yẹn. N kò lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, n kò lè lọ kí ìyá mi kí n sì sùn níbẹ̀, nítorí pé ta ni yóò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù? Ní ọjọ́ kan, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ dá mi dúró di agogo mẹ́jọ alẹ́. Nígbà tí mo wọlé, mo bá àwọn ọmọ mi àti ọmọbìnrin náà tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ebi ń pa wọ́n, níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tí oúnjẹ kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ọmọbìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó tún gbọ́ “Jailer”. Ojú tì mí débi pé mo pa á kí ó tó parí. Kọ́kọ́rọ́ náà ti wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná láti ìgbà náà. Mílíìkì agolo kan ti sọnù rí. N kò bèèrè.

Orin tí ọmọ mi bi mí léèrè rẹ̀, “Fire on the Mountain”, ni ó wúwo jù lọ nínú àwo náà, bẹ́ẹ̀ ni ìlù rẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè máa jó sí i láì mọ ohun tí ó ń jó sí. Iwájú tẹlifíṣọ̀n ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀: wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ aláìṣẹ̀ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì jókòó, wọ́n ń wò ó. Ó kọjá sí ojú fèrèsé, ó rí àwọn ọmọ ogun. Ó bá ọkùnrin kan wí tí ó ń fi òkúta olówó iyebíye ṣe ẹ̀bùn ìfẹ́ láì bèèrè ẹ̀mí tí ó ti lọ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ó wá wọ inú ilé. Ó sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí bàbá rẹ̀ sọ di olólùfẹ́, tí kò sì rí ẹni sọ fún títí ọ̀rọ̀ náà fi di ìròyìn alẹ́. Ó sì bèèrè lọ́wọ́ wa pé ọrùn ta ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa wà, ṣé ọrùn ẹ̀rọ ni àbí ọrùn àwọn gbajúmọ̀. Ọdún 2007 ni ó ti bèèrè èyí, kí fóònù tó di ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń fi ìka yí lójú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, irú rẹ̀ kò sí ní ilé tiwa.” Ìwádìí kan tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ UNICEF ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin, àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá, ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ yọ lẹ́nu tàbí bà jẹ́ kí ó tó pé ọdún méjìdínlógún. Díẹ̀ kíún nínú wọn ni ó rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ẹni tí ọmọ mọ̀, tí òun náà mọ ọmọ, ni ó sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: ará ilé, alábàágbé, olùkọ́, ẹbí tí ó wá kí wa láti òkè. A ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí, ẹni tí ó wà ní pálọ̀ ni a kò wò.

Ẹ̀kọ́ tí àwa ìyá ń kọ́ ọmọ ní ilé Yorùbá dára, ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a tún wò. A ń kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ já àgbà nírọ́, a kò sì kọ́ ọ pé àgbà kan lè parọ́. A ń lé e pé kí ó lọ jókòó lé “bọ̀dá” lẹ́sẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ń sá fún ẹni náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé kò sí àṣírí tí a ń pa mọ́ fún ìyá. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ sùn ní yàrá ẹnì kan, ẹ má ṣe nà án; ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́. Bí ó bá sì sọ ohun kan fún yín, ẹ gbà á gbọ́ ná, kí ẹ tó ro ti orúkọ ìdílé. Ẹ má ṣe rò pé mo ń ta ko ohun tí mo sọ nípa kọ́kọ́rọ́. Agolo mílíìkì ni mo ní kí ẹ yọ́ ọwọ́ lé lórí. Ara ọmọ kì í ṣe agolo mílíìkì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ iṣẹ́ mi kún un, nítorí pé ìyá tí ìdààmú bá kò ní ráyè wá ìwé. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe wẹ ọmọ náà. Ẹ má ṣe fọ aṣọ tí ó wọ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí pé oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ bí àkókò bá ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Ìkẹjà, ọgbà ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó ni Mirabel Centre wà láti ọdún 2013, wọ́n sì ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003. Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọwọ́ sí tirẹ̀ ní ọdún 2007, ọdún kan náà tí àwo orin yìí jáde.

Nípa pé bóyá kí ọmọ kékeré gbọ́ orin náà, èmi kì í pa á bí àwọn ọmọ mi bá wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ba ọmọ ọdún méje jẹ́. Ní ti ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ gbọ́ ọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bèèrè. Ohun tí mo fi dá ọmọ tèmi lóhùn lọ́jọ́ náà ni pé àwọn ènìyàn náà kò sá nítorí wọ́n rò pé òkè náà jìnnà sí ilé wọn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ṣé ó jìnnà sí tiwa?” Mo ní kò jìnnà. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sún síwájú láti ọdún kan.

Àwọn orin tí ó kù kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. “Subway”, tí ó gba ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, dùn létí, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn mi. “Bibanke” jẹ́ ti ẹ̀dùn ọkàn. Bí ẹ bá ti jà pẹ̀lú bàbá àwọn ọmọ, ẹ má ṣe gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kò ní sùn. “Eyé Adabà” ni mo fẹ́ràn láti máa fi jí àwọn ọmọ. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, nípa ẹyẹ àdàbà àti òwúrọ̀ tuntun, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ìrì. Mo ní ẹjọ́ kan láti rò nípa rẹ̀: bí wọ́n ṣe tẹ àkọlé náà kò ní àmì nísàlẹ̀ bí ó ti yẹ, èmi tí mo sì ń gégùn-ún lórí àmì ohùn fún àwọn ọmọ mi níláti máa ṣàlàyé pé orin náà dára ju àkọlé rẹ̀ lọ. Ẹ kò nílò láti wá àwo rẹ̀ kiri ọjà mọ́. Gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù.

Mo ti fi “So Beautiful” pamọ́ di ìgbẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ ọ́ fún. Kò sí ìjìnlẹ̀ kan tí mo lè tú fún yín níbẹ̀. Ọmọ ni ó ń wo ìyá rẹ̀ tí ó sì ń sọ fún un pé ó lẹ́wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ bí ara obìnrin ṣe ń rí lójú ara rẹ̀ ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìbímọ, tí aṣọ kò bá a mu, tí irun ń já, tí kò sì sí ẹni tí ó yìn ín láti àárọ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fi etí ìyá gbọ́ orin náà, mo sì fi ìborùn bo ojú mi kí ọmọ má bàa rí mi.

Nígbà tí ìyá mi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa ní ìparí ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin mi ni ó gbé orin náà sí i fún un. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, ó sì fetí sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó bèèrè pé, “Ọmọ ta ni ń kọrin yìí?” Mo ní ọmọ Ẹlẹ́mìdé ni. Ó ní kí ni ó ń sọ. Ọmọbìnrin mi ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní, “Màmá àgbà, ó ní ìyá òun rẹwà.” Ìyá mi da igi ẹ̀fọ́ sínú agbọ̀n, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Ó ní, “Ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wà láyé tí ó gbọ́ ọ?” Mo dá a lóhùn pé orin ẹni tí ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú kojú ni. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí ọmọ mi pé kí ó tún fi í sí i.